Ìkòkò Tí Wọ́n Pè Ní Fíríìjì

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ rọ́ mọ́ ara yín. Ẹni tó dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọlé. Ẹni tó ti jókòó, ká ẹsẹ̀ rẹ kò, kí ẹlòmíràn rí ibi fìdí lé. Kò sí ẹranko kankan nínú ìtàn tí mo mú wá yìí, àfi kòkòrò. Àwọn yòókù tẹ́ ẹ bá rí tó ń hùwà bí ẹranko, èèyàn ni wọ́n, wọ́n tiẹ̀ kàwé.

Ilé Ìwádìí kan wà, ìjọba ló ni ín. Ilé alájà kan ni, ọ̀dà ara rẹ̀ ti ń bó bí ìgbà tí ẹnìkan ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀. Òkè ni ọ́fíìsì Ọ̀gá Àgbà wà, pẹ̀lú fáànù mẹ́ta tí ẹyọ kan nínú wọn ń yí. Ìsàlẹ̀ ni yàrá ìwádìí wà. Kíṣìnnì wà lẹ́yìnkùlé, ibẹ̀ sì ni Màmá Kíṣìnnì ti ń jọba.

Obìnrin yìí ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Ọdún kejìlélógún rẹ̀ rèé nídìí ààrò náà. Kò kàwé jìnnà, nítorí pé bàbá wọn kú nígbà tó wà ní ìwé kejì, ó sì ku òun àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin kan ṣoṣo. Ó ṣẹ́gi tà, ó pọnmi fún onílé, ó fọṣọ olówó, títí àbúrò fi kàwé dé ibi tí ìwé pin sí. Àbúrò ọ̀hún ni gbogbo èèyàn ń pè ní Dókítà Ẹ̀wà, òun ló ni yàrá ìwádìí ìsàlẹ̀ yẹn. Màmá Kíṣìnnì fẹ́ràn orin ju oorun lọ. Tó bá ń gé àlùbọ́sà, orin ni. Tó bá ń fọ abọ́, orin ni. Tí wọn ò bá san owó oṣù, ìyẹn gan-an ni orin rẹ̀ máa ń dùn jù.

Ẹ̀yin náà mọ kòkòrò inú ẹ̀wà. Ẹ ó ra ẹ̀wà lónìí, ẹ ó dì í sápò, ọkàn yín á balẹ̀ pé oúnjẹ wà nílé. Ẹ padà dé ìdí rẹ̀ lẹ́yìn oṣù méjì, ẹ̀wà ti di ihò, ihò ti di ìyẹ̀fun, kòkòrò wá ń rìn gbẹ̀fẹ́ lórí rẹ̀ bí onílé tó ń yẹ ilé rẹ̀ wò. Ọdún mọ́kànlá ni Dókítà Ẹ̀wà fi wá ẹ̀wà tí kòkòrò ò ní lè jẹ. Ó mú ẹ̀wà oko, ó mú ẹ̀wà igbó kan tó kéré bí orí ìṣáná, ó fi ìyẹ̀ òdòdó ọ̀kan ra òdòdó èkejì lára. Ó gbìn ín, ó kórè rẹ̀, ó kó o sínú ìgò pẹ̀lú kòkòrò, ó ta aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ẹnu ìgò, ó wá jókòó tì í, ó ń ka ihò. Ọdún kìíní, ihò. Ọdún karùn-ún, ihò. Ìyàwó rẹ̀ tiẹ̀ sọ pé ihò ni òun fẹ́, òun ò fẹ́ ọkọ. Àmọ́ ní ọdún kọkànlá, ó kó ọgọ́rùn-ún kòkòrò sínú ìgò, ó fi wọ́n sílẹ̀ fún ogójì ọjọ́. Nígbà tó ṣí i, kòkòrò ti kú sílẹ̀ bẹẹrẹ, ẹ̀wà sì ń dán. Kò sí ihò kankan.

Garawa méjì péré ni irúgbìn náà láyé yìí. Kò sí irú rẹ̀ níbòmíì. Tí garawa méjì yẹn bá sọnù, ọdún mọ́kànlá sọnù nìyẹn, nítorí ẹ̀wà igbó tó fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti la ọ̀nà mọ́tò gba orí rẹ̀. Òjò àkọ́rọ̀ sì ti ń kùn lókèèrè. Bó bá ti rọ̀ báyìí, gbígbìn ló kù.

Ẹ ó ní, ṣé ìjọba ò fún un lówó ni? Ìjọba fún un o, ẹ má purọ́ mọ́ wọn! Òfin wọn ni pé owó tí wọ́n bá yà sọ́tọ̀ fún ìwádìí, tí wọn ò bá ná an tán kí ọdún tó parí, á padà sápò ìjọba. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ òfin kejì wà: owó náà ò gbọdọ̀ jáde títí èèyàn mọ́kànlá á fi fọwọ́ sí ìwé rẹ̀, olúkúlùkù sì ní láti fi ìwé ọ̀hún sórí tábìlì fún oṣù kan, kó lè hàn pé ó kà á. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Oṣù kejìlá lowó máa ń dé, ó máa ń ku ọjọ́ mẹ́ta kí ọdún parí, nígbà tí ilẹ̀ ti gbẹ, tí ewé ti wọ́, tí kò sẹ́ni tó lè gbin ohunkóhun àfi òkú. Wọ́n á wá máa sáré ná an. Lọ́dún kan, wọ́n fi ra ọgọ́fà àga. Òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ kò ju mọ́kàndínlógún lọ. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, aago ara ògiri ni, mẹ́rin nínú yàrá kan, wákàtí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lójú kálukú wọn.

Lọ́dún tó kọjá, Dókítà Ẹ̀wà bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n ra fíríìjì ńlá fún òun, kí òun máa fi tọ́jú irúgbìn. Wọ́n gbà. Ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún ni agbaṣẹ́ṣe já a sílẹ̀. Ìkòkò ni. Ìkòkò irin kan tí màlúù lè dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀ kó sì nà, pẹ̀lú ọmọrí tí ọkùnrin méjì ń gbé. Kò ráyè gba ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì, wọ́n bá gbé e sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Nínú ìwé ìjọba, "Fíríìjì Ìwádìí, ẹyọ kan" ni wọ́n kọ. Agbaṣẹ́ṣe ní ohun kan náà ni, ṣebí méjèèjì lèèyàn ń kó oúnjẹ sí.

Ó wá ku bí ọ̀sẹ̀ kan kí òjò bẹ̀rẹ̀, ni lẹ́tà dé láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ pé ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́rìnlá ń bọ̀ wá wò ó bóyá ìwádìí náà yẹ fún owó. Bó bá yẹ, wọ́n á máa fún un lówó lọ. Bí kò bá yẹ, kí wọ́n ti yàrá ìwádìí pa, kí wọ́n kó ọgọ́fà àga síbẹ̀. Wọ́n ò tíì ka lẹ́tà tán tí mọ́tò márùn-ún fi wọ géètì. Páálí mẹ́rin tó kún fún adìyẹ díndín àti búrẹ́dì wà lẹ́yìn mọ́tò tó ṣáájú, torí pé owó oúnjẹ ìrìn àjò náà ní láti tán lọ́jọ́ náà gan-an.

Ọkùnrin gbọọrọ kan ni Alága wọn, ẹni tó máa ń mi orí kéèyàn tó sọ̀rọ̀. Akọ̀wé rẹ̀ kúrú, ó di fọ́ọ̀mù mọ́ àyà bí ìyá tó gbọ́mọ. Màmá Kíṣìnnì gbé omi lé tíréè, ó tẹ̀ lé wọn wọ yàrá ìwádìí, kò sì jáde mọ́. Ó fẹ̀yìn ti ògiri, ojú rẹ̀ ń bẹ lára àbúrò rẹ̀ tó dúró ti garawa méjì.

"Ìbéèrè kẹrin," akọ̀wé kà á jáde. "Ohun tí ẹ ń wádìí, ọjọ́ wo lẹ máa rí i?"

Dókítà Ẹ̀wà ní, "Mo ti rí i, sà. Òun ló wà nínú garawa yìí."

"Ìbéèrè ò sọ pé ṣé ẹ ti rí i. Ọjọ́ wo lẹ máa rí i ló sọ."

"Sà, ẹni tó ti rí nǹkan, báwo ló ṣe tún máa…"

Alága ti ń mi orí. "Dókítà, ẹ jẹ́ ká fọ̀rọ̀ wérọ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ ti rí i, kí lẹ tún fẹ́ gbowó ṣe? Bí ẹ ò bá sì tíì rí i, kí ló fi dá wa lójú pé ẹ máa rí i?"

Gbogbo ìgbìmọ̀ hó yèè, wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní ọgbọ́n ńlá ni.

Ni Màmá Kíṣìnnì bá dáhùn láti ìdí ògiri. "Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni, sà."

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. "Aago mélòó?"

"Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, sà."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀ gàdàgbà.

"Ìbéèrè keje. Ta ló ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí, tó lè jẹ́rìí sí i?"

"Kò sí, sà," Dókítà Ẹ̀wà ní. "Ìyẹn ló fi ń jẹ́ ìwádìí."

"Kọ ọ́ pé kò lẹ́rìí," Alága sọ fún akọ̀wé.

Wọ́n wá dé orí ìbéèrè kẹsàn-án, orí rẹ̀ ni ilé ti fẹ́ dà wó. Ìbéèrè náà ní: ṣé gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ ti jẹ ohun náà ní àjẹyó, ṣé ó sì dùn? Mo gbọ́ pé ilé búrẹ́dì ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe fọ́ọ̀mù ọ̀hún fún láyé ọjọ́un, àmọ́ ìjọba kì í da fọ́ọ̀mù nù.

"Ẹ sè é," Alága ní. "Àwa mẹ́rìnlá, awakọ̀ márùn-ún. Ẹ se garawa méjèèjì, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé a fi apá kan pamọ́."

Dókítà Ẹ̀wà kúnlẹ̀. Ọkùnrin tó hu ewú, lórí sìmẹ́ńtì. "Sà, irúgbìn ni. Ẹ dákun. Ọdún mọ́kànlá ni. Ẹ jẹ́ n se ṣíbí kan péré."

"Ṣé ẹ ò fẹ́ kí ìjọba rí ìdí iṣẹ́ yín ni?"

Ọ̀gá Àgbà, tó ti tẹ̀ lé ìgbìmọ̀ wọlé, wá dá sí i. "Dókítà, ẹ̀wà lásán-làsàn! Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n ti ibi iṣẹ́ wa pa ni?"

Dókítà Ẹ̀wà dìde. Ó gbé garawa méjèèjì fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má sè é jóná. Kó kúkú dùn."

"Nu ojú rẹ," Màmá Kíṣìnnì sọ fún un kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ṣé ìgbà tí mo bá wà láyé lẹnìkan á fi àwo bu ọdún mọ́kànlá rẹ jẹ?"

Ohun tó wà nínú kíṣìnnì tí ìgbìmọ̀ ò mọ̀ rèé. Àpò ẹ̀wà kan wà ní kọ̀rọ̀, ìjọba ló kó o wá fún oúnjẹ òṣìṣẹ́ lọ́dún tó kọjá. Kòkòrò ti sọ ọ́ di ìlú. Ẹ gbọ́ o: Ilé Ìwádìí tó ń wá ẹ̀wà tí kòkòrò kì í jẹ, ẹ̀wà kíṣìnnì rẹ̀ ni kòkòrò ń jẹ! Ó pẹ́ tí Màmá ti fẹ́ dà á nù, àmọ́ ohun ìní ìjọba ò ṣeé dà nù láìsí fọ́ọ̀mù. Ẹni mẹ́ta ló sì máa fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù yẹn, ọ̀kan nínú wọn ti kú.

Akọ̀wé tẹ̀ lé e wọ kíṣìnnì. Ó ní òfin ni pé òun gbọ́dọ̀ fojú ara òun rí i tí ẹ̀wà bọ́ sínú ìkòkò. Màmá ní, "Ẹ káàbọ̀, ọkọ mi. Ẹ dúró síbí, ibẹ̀ lẹ ti máa rí i dáadáa." Ibi tí èéfín ń gbà jáde ló fi hàn án. Ó ti igi tútù méjì bọ iná, ó sì fẹ́ ẹ. Èéfín rú tùù. Akọ̀wé sín, ó wúkọ́, omi bọ́ lójú rẹ̀ yàà.

"Ṣé ó ti wọlé, Màmá?"

"Ó ti ń wọlé, ọkọ mi. Ẹ tún sún mọ́ ọn."

"Rárá, mo ti rí i! Mo ti rí i!" Ó fọwọ́ síwèé níbi tó ti ń sá jáde.

Màmá Kíṣìnnì ti ilẹ̀kùn. Ó gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn gbé garawa méjèèjì lọ sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Òun àti Bàbá Géètì, ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ti ọmọrí ìkòkò ńlá náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n da irúgbìn síbẹ̀, wọ́n sì dé e padà. Ó wọlé, ó bu ẹ̀wà ìjọba sínú omi. Àwọn tó ní ihò léfòó, kòkòrò ń lúwẹ̀ẹ́. Ó gbọ́n díẹ̀ nínú wọn dànù, kì í kúkú ṣe gbogbo wọn. Ó lọ ata, ó rẹ́ àlùbọ́sà sí i, ó bu epo lé e, ohùn rẹ̀ wá gba ilé kan:

Ẹ jókòó jẹ́jẹ́, ẹ̀yin ọ̀gá,
Ohun tẹ́ ẹ gbìn lẹ ó jẹ.
Ẹ fi oyè gbìn, ẹ fi ìwé bomi rin ín,
Ohun tẹ́ ẹ gbìn lẹ ó jẹ.
Ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ lẹ ń fowó ránṣẹ́ sóko,
Ohun tẹ́ ẹ gbìn lẹ ó jẹ.

Ìgbìmọ̀ ń gbọ́ ọ láti yàrá ìpàdé, níbi tí wọ́n ti ń jíròrò lórí bóyá ṣíbí ni tàbí fọ́ọ̀kì. Alága ń fi ẹsẹ̀ gbe orin. Ó ní àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ nífẹ̀ẹ́ ìjọba.

Oúnjẹ dé. Ìgbìmọ̀ kọ́kọ́ fi imú gbà á. Wọ́n fi ẹnu bà á. Lẹ́yìn náà, ẹ ò gbọ́ ohùn mọ́, àfi ṣíbí.

"Háà," Alága ní. "Ẹ gbọ́ bó ṣe ń wọ̀ lọ́nà ọ̀fun. Èèyàn ń gbọ́ ìmọ̀ nínú rẹ̀."

"Kò jọ ẹ̀wà tí à ń jẹ nílé rárá, sà," akọ̀wé ní. "Ó ní ara."

Obìnrin kan nínú ìgbìmọ̀ fi ṣíbí gbé ohun dúdú kan sókè, ohun náà lẹ́sẹ̀ mẹ́fà. "Màmá, kí lèyí?"

Màmá tẹ orí ba tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. "Ohun tí àbúrò mi ti ń lé kiri láti ọdún mọ́kànlá nìyẹn, mà."

"Ẹ̀n-ẹ́n!" Obìnrin náà fi í sẹ́nu, ó sì di ojú. "Ó hàn nínú rẹ̀."

Ní kọ̀rọ̀ yàrá, Dókítà Ẹ̀wà ń wo bí ṣíbí ṣe ń lọ tó ń bọ̀, omijé ń dà lójú rẹ̀ pòròpòrò. Alága fọwọ́ kàn án léjìká. "Ẹ má sunkún ayọ̀ mọ́. Ẹ ti ṣàṣeyọrí." Wọ́n bu èkejì. Àwọn awakọ̀ bu ẹ̀kẹta. Kò sẹ́ni tó rántí páálí adìyẹ tí àwọn awakọ̀ ti já sílẹ̀ lẹ́nu géètì.

Ìbéèrè kejìlá ló kù. Ṣé ẹ̀rọ tí ìjọba rà lọ́dún tó kọjá ń ṣiṣẹ́?

Wọ́n tú sẹ́yìnkùlé, wọ́n ń gbin, wọ́n ń tú bẹ́líìtì. Màmá Kíṣìnnì ti ṣáájú wọn débẹ̀. Orí ọmọrí ìkòkò ló jókòó lé, tó ń fi aṣọ nu abọ́. Alága wo ìkòkò. Ó wo ìwé. Ó tún wo ìkòkò.

"Fíríìjì náà nìyí?"

"Òun ni, sà."

Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ara irin tó ti wà lábẹ́ òjìji láti òwúrọ̀. Ó mi orí. "Ó tutù lóòótọ́."

Àwọn mẹ́tàlá yòókù to tẹ̀ lé e, kálukú fọwọ́ kàn án, wọ́n ní ó tutù. Akọ̀wé kọ ọ́ pé ó ń ṣiṣẹ́. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n yíjú padà, ni akọ̀wé bá dúró. "Sà, ṣé a ò ní ṣí i wò? Ìwé sọ pé ká wo inú rẹ̀."

Abọ́ yọ̀ lọ́wọ́ Màmá Kíṣìnnì, ó hán an. Irúgbìn tí wọ́n rò pé àwọn ti jẹ tán wà lábẹ́ ìdí rẹ̀ gan-an. Bí wọ́n bá rí i, iná á tún ràn, wọ́n á tún bu abọ́. Kò dìde. Ó wo Alága lójú bí ìyá ṣe ń wo ọmọ tó gbọ́n.

"Bí ẹ bá ṣí i nínú oòrùn yìí, sà, òtútù inú rẹ̀ á sá jáde. Ṣebí ẹ̀yin náà mọ̀."

Gbogbo wọn yíjú sí Alága. Bó bá ní òun ò mọ̀, ẹ̀tẹ́ ni. Ó mi orí lẹ́ẹ̀mẹta.

"Mo mọ̀," ó ní. "Akọ̀wé, má ṣe sọ ara rẹ di ará oko."

Bí ìdájọ́ ṣe bọ́ síbẹ̀ nìyẹn. Alága kà á lẹ́bàá mọ́tò: ìwádìí náà dùn, ó yẹ fún owó. Wọn ò ní ti yàrá pa. Kí wọ́n kọ́kọ́ fi owó náà kọ́ gbọ̀ngàn kan tí ìgbìmọ̀ á máa jókòó jẹun sí, kí wọ́n wá fi èyí tó bá kù wá ẹ̀wà.

"Ìgbà wo lowó náà máa jáde, sà?" Dókítà Ẹ̀wà bi í pẹ̀lú ohùn òkú.

"Èèyàn mọ́kànlá péré ló máa fọwọ́ sí i," Alága ní. Wọ́n wọ mọ́tò, wọ́n lọ.

Eruku ò tíì sùn tán tí Dókítà Ẹ̀wà fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Wọ́n ti jẹ ẹ́, Ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n fún mi lówó lórí ohun tí kò sí mọ́."

Màmá Kíṣìnnì fà á lọ́wọ́ lọ sẹ́yìnkùlé, òun àti Bàbá Géètì ti ọmọrí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọkùnrin náà wo inú ìkòkò. Ó kó apá bọ̀ ọ́ dé ìgúnpá, ó ń gbọ́ bí ẹ̀wà ṣe ń dún ṣàràṣàrà, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Nígbà tó yá, ojú rẹ̀ tún ṣú.

"Àmọ́ irọ́ la pa fún ìjọba, Ẹ̀gbọ́n mi."

"Irọ́ wo? Àpò yẹn, ta ló kó o wá?"

"Ìjọba ni."

"Ẹ̀wà ìjọba ni mo fún ìjọba. Ó tún kù ká fún wọn ní kòkòrò wọn, mo fi sí i pẹ̀lú."

Bàbá Géètì rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. "Dókítà, ẹ jẹ́ n sọ nǹkan kan. Àwọn èèyàn wọ̀nyí á tún padà wá jẹ. Ẹ má kó gbogbo irúgbìn sójú kan mọ́."

Ọ̀rọ̀ àgbà ni. Òjò ò ní dúró de ẹni mọ́kànlá. Wọ́n pe àwọn òṣìṣẹ́ jọ sẹ́yìnkùlé, atẹ̀wé, agbálẹ̀, awakọ̀, gbogbo wọn. Wọ́n tiẹ̀ gbé ọgọ́fà àga náà jáde, ọjọ́ yẹn nìkan ni wọ́n rí èèyàn jókòó lé wọn gidi. Màmá Kíṣìnnì fi ife kan bu irúgbìn fún olúkúlùkù: kó gbìn ín sẹ́yìnkùlé ara rẹ̀, kó dá ife méjì padà nígbà ìkórè, kó sì fi ìyókù jẹun pẹ̀lú ọmọ. Kò sí fọ́ọ̀mù. Dókítà Ẹ̀wà ń kọ́ wọn bí a ṣe ń gbìn ín, ohùn rẹ̀ ń le sí i. Ó fi ife méjì sílẹ̀ nínú ìkòkò fún ara rẹ̀. Ọ̀gá Àgbà náà sọ̀kalẹ̀ láti òkè, ó dúró sẹ́yìn gbogbo wọn, ó na ọwọ́. Wọ́n fún un ní ife tirẹ̀.

Ibẹ̀ ni agbálẹ̀ ti kígbe pé páálí mẹ́rin wà lẹ́nu géètì, ìgbìmọ̀ ti yó débi pé wọ́n gbàgbé adìyẹ wọn. Háà! Màmá Kíṣìnnì pín adìyẹ, ó pín búrẹ́dì, itan àkọ́kọ́ bọ́ sọ́wọ́ àbúrò rẹ̀. Wọ́n jẹ, wọ́n lá ọwọ́, wọ́n gba orin náà lẹ́nu Màmá, wọ́n sì yí i padà:

Ẹ jókòó pẹ́, ẹ̀yin ará ilé,
Èyí tá a gbìn la ó jẹ.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e, ó ku díẹ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lù, òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ n padà sí ọjọ́ ọlọ́jọ́ yẹn. Ìgbìmọ̀ yó lọ ilé wọn. Òṣìṣẹ́ yó lọ ilé wọn, irúgbìn lápò. Kòkòrò pàápàá, àwọn tó ṣẹ́ kù nínú àpò ìjọba, wọ́n yó sùn. Ẹ dìde báyìí, ẹ nu ẹnu yín, ẹ máa lọ ilé.